Gáàsì AC kì í tán, jíjò ló ń jò

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Nígbàkígbà tí ooru bá ti mú ní Ògbómọ̀ṣọ́ yìí, láti Tàkíé títí dé Under-G, gbólóhùn kan náà ni ẹni tí ẹ̀rọ amúlétutù ilé rẹ̀ kò tutù mọ́ máa ń gbọ́: "Gáàsì ti tán, ẹ mú owó gáàsì wá." Gbólóhùn yìí ló ń jẹ owó onílé jù lọ, kò sì rí bẹ́ẹ̀. Gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróò tí ẹ́ńjìnnì mọ́tò ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dì pa ló ti ń yí po, á gbé ooru inú yàrá jáde, á tún padà wọlé wá gbé òmíràn. Bí ibì kankan kò bá lu, èyí tí wọ́n rọ sí i láti ilé iṣẹ́ lè wà níbẹ̀ títí AC náà yóò fi gbó. Bó bá ti dín, ibì kan ń jò. Ẹni tó bá ń fi gáàsì kún un lọ́dọọdún láìwá ibi tó ń jò, ajádìí apẹ̀rẹ̀ ló ń pọnmi sí, onílé ló sì ń sanwó omi.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé gẹ́éjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì jáde, kó kọ́kọ́ yọ fítà wò. Eruku ọyẹ́ ìlú wa kì í ṣe kékeré, ọ̀sẹ̀ méjì péré ti tó o láti dí fítà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá ráyè kọjá, kọ́ìlì inú yàrá (páìpù tí wọ́n ká lọ ká bọ̀, tí afẹ́fẹ́ ń gba ara rẹ̀ kọjá) á di yìnyín, omi á máa kán sílẹ̀, yàrá kò sì ní tutù. Gáàsì tó dín náà máa ń mú yìnyín wá, ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn láti ṣi ọ̀kan pè ní èkejì. Ẹ pa AC, ẹ jẹ́ kí yìnyín yọ́ fúnra rẹ̀ (ẹ má fi ọ̀bẹ ha á, kọ́ìlì á lu), ẹ fi omi lásán fọ fítà, ẹ sá a síbòòji kó gbẹ, kí ẹ tó dá a padà. Ẹ ní kí wọ́n fọ kọ́ìlì ti ìta náà. Lẹ́yìn tí AC bá ti ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ wọn bí afẹ́fẹ́ tó ń wọlé sínú rẹ̀ àti èyí tó ń jáde ṣe tutù sí. Bí èyí tó ń jáde bá fi ìwọ̀n 8 sí 12 Celsius tutù ju tàkọ́kọ́ lọ, ẹ má san owó gáàsì fún ẹnikẹ́ni. Bí omi bá ń kán láìsí yìnyín, páìpù omi ló dí, tàbí wọn kò gbé ẹ̀rọ náà dọ́gba sára ògiri.

Lẹ́yìn fítà, iná ló kàn. Fóòtì 230 ló yẹ kí iná ilé wa jẹ́, àmọ́ bó bá wálẹ̀ sí 170 lálẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń tan nǹkan wọn, kọ̀mpúrẹ́sọ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì kiri inú páìpù, á máa kùn láìgbéra, á sì máa gbóná. Bí iná bá pé tó sì ń kùn síbẹ̀, kàpásítọ̀, ohun kékeré tó ń ran kọ̀mpúrẹ́sọ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ̀n. Ti AC hóòsì kan (1HP) sábà máa ń wà láàárín 25 sí 35 microfarad, ara rẹ̀ ni wọ́n kọ iye rẹ̀ sí. Èyí tí wọ́n kọ 35 sí, tí mítà wá kà á ní 28, ti kú. Owó rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá owó kọ̀mpúrẹ́sọ̀. Kí oníṣẹ́ tú iná inú rẹ̀ dànù kó tó fọwọ́ kàn án, torí iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Kí onílé náà má ṣe tan AC padà lójú ẹsẹ̀ tí iná bá lọ tó sì dé. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, kí agbára gáàsì inú páìpù méjèèjì tó dọ́gba.

Ká wá sọ pé gáàsì ti dín lóòótọ́. Ibi tó sábà máa ń jò kò ṣòro láti rí. Oríkèé mẹ́rin tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dì ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, méjì lẹ́yìn èyí tó wà nínú yàrá, méjì lára èyí tó wà níta. Epo máa ń bá gáàsì jáde, nítorí náà ibi tí epo bá ti ń dán tí eruku lẹ̀ mọ́ ni kí wọ́n fi fóòmù ọṣẹ sí. Páìpù àlùmíníọ̀mù pọ̀ lọ́jà báyìí nítorí pé kò wọ́n tó kọ́pà, ṣùgbọ́n ibi tó bá ti pàdé kọ́pà tí òjò sì ń dé, jíjẹ ló máa ń jẹ. Ẹni tó bá ra kọ́pà lẹ́ẹ̀kan ti fi owó gáàsì ọ̀pọ̀ ọdún pamọ́.

Náítírójìn ni wọ́n fi ń fẹ́ páìpù láti mọ̀ bóyá ó ń jò. Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ bá wa kọ èyí gàdàgbà: kí ẹnikẹ́ni má fi ọ́síjìn tí àwọn awẹ́dà ń lò ṣe é. Ọ́síjìn àti epo kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bá pàdé, ó lè bú gbàù, ó sì lè pa oníṣẹ́ àti onílé pọ̀.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dí ojú ibẹ̀, kí wọ́n fi pọ́ǹpù fa afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú páìpù jáde fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí wọ́n pa pọ́ǹpù, kí wọ́n sì wo gẹ́éjì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ọwọ́ gẹ́éjì bá ń gòkè, ó ṣì ń jò tàbí ọ̀rinrin ṣì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ń fo ibí yìí, wọ́n á kàn fi gáàsì díẹ̀ ti afẹ́fẹ́ jáde. Ọ̀rinrin tó kù á bá epo pò, á di ásíìdì, á sì jẹ wáyà inú kọ̀mpúrẹ́sọ̀.

Orí òṣùwọ̀n ni kí wọ́n ti rọ gáàsì. Ara ẹ̀rọ ni wọ́n kọ irú gáàsì àti gíráàmù rẹ̀ sí. Sílíńdà R22, irú gáàsì tí ọ̀pọ̀ AC àtijọ́ ń lò, tó wọ́pọ̀ jẹ́ 13.6 kg. Bí AC kan bá ń gba 600 gíráàmù, sílíńdà yẹn á rọ irú rẹ̀ méjìlélógún láti òfo, nítorí náà ẹ lè ṣírò ohun tó tọ́ kí ẹ san. R410A àti R32, irú gáàsì mìíràn, kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ẹ̀rọ R22, torí agbára wọn ju tirẹ̀ lọ dáadáa, R32 sì lè gbaná. R22 fúnra rẹ̀ á máa wọ́n sí i ni. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1987, tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe lórí àwọn gáàsì tó ń ba ìpele ozone tó wà lókè jẹ́, ló ń lé e kúrò lọ́jà, ọdún 2030 ni wọ́n sì fẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè bíi tiwa.

Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ tó ṣì wà láàyè tí wọ́n ń pè ní òkú náà pọ̀. Ẹnu wáyà mẹ́ta ló ní: C (àjọlò), S (ti ìgbéra) àti R (ti ìṣiṣẹ́). Bí mítà bá kà láàárín S àti R, tí C kò sì bá èyíkéyìí sọ̀rọ̀, ẹ fọwọ́ kan ara rẹ̀. Bó bá gbóná, ohun tó ń dáàbò bò ó lọ́wọ́ ooru ló já wáyà fúngbà díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù fún wákàtí kan tàbí méjì, kí wọ́n tún un wọ̀n. Èyí tí wáyà rẹ̀ bá ti kan ara irin rẹ̀ ló kú ní tòótọ́.

Ti bọ́ọ̀dù AC ìnfátà, ìyẹn pátákó iná tó ń darí ẹ̀rọ náà, kò yàtọ̀. Ọmọńlé máa ń wọ inú èyí tó wà níta, á dùbúlẹ̀ sórí bọ́ọ̀dù, iná á sì pa á mọ́ ibẹ̀. Kí wọ́n tó ní kí ẹ ra tuntun, kí wọ́n ṣí i níṣojú yín. Kí wọ́n tún wọn sẹ́ńsọ̀ kékeré tó ń mọ ìwọ̀n ooru, torí òun náà lè dá gbogbo ẹ̀rọ dúró, kò sì wọ́n.

Iṣẹ́ tí mo kà sílẹ̀ yìí gba nǹkan bíi wákàtí méjì, ó sì gba irinṣẹ́ tí owó ńlá ra. Kí onílé má bá ẹni tó ń ṣe é dúnàádúrà bí ẹni ń ra ata lọ́jà, kó san án, kó sì gba ìwé tí wọ́n kọ ibi tó jò àti gíráàmù tí wọ́n rọ sí. Bí gáàsì bá tún dín, ìwé yẹn ni kó kọ́kọ́ mú jáde.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù,
Ògbómọ̀ṣọ́.