Ẹ̀sùn lórí ohun tí ìwé ìtọ́sọ́nà yín kọ nípa ibùdó rélùwéè Dawlish

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé ìtọ́sọ́nà ìrìn-àjò etíkun fún àwọn Yorùbá tó ń gbé ní Ìlú Ọba.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Owó la fi ra ìwé yín, a sì ka orí tó dá lórí Dawlish, ìlú etíkun kan ní Devon nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tán pátá. Ká ní àmì ohùn ló yẹ̀ níbẹ̀ ni, à bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ kọ lè kó àgbàlagbà sí wàhálà.

Èyí tó burú jù ni pé ẹ ní kí ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara má wulẹ̀ sọ̀ ní Dawlish, pé àtẹ̀gùn nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Pèpéle méjì ló wà ní ibùdó náà, ọ̀kan lápá òkun, ọ̀kan lápá ìlú. Apá òkun ni ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti Exeter máa ń dúró sí, bẹ́ẹ̀ òdìkejì ni ọ̀nà ìlú wà, nítorí náà èrò tó ti Lọ́ńdọ̀nù gba Exeter wá gbọ́dọ̀ sọdá ojú irin. Afárá irin ọdún 1937 ni wọ́n ń gbà tẹ́lẹ̀. Iyọ̀ òkun jẹ ẹ́, wọ́n sì fi ti pílásítíìkì tí okùn gíláàsì mú le rọ́pò rẹ̀ ní 2012, nítorí ìyẹn kì í dípẹtà. Àtẹ̀gùn ni ti òun náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ́ ògiri òkun tuntun, wọ́n fi afárá mìíràn tó ní lífìtì kún un. Ìyẹn ló yẹ kó wà nínú ìwé yín.

Ẹ tún da Dawlish pọ̀ mọ́ Dawlish Warren. Ibùdó ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Téèyàn bá ti Exeter bọ̀, ibùdó Starcross ló máa ń ṣáájú Warren, kó tó wá kan Dawlish. Ẹni tó bá fi ìwé yín bọ́ sílẹ̀ ní Warren yóò dúró de ọkọ̀ mìíràn, tàbí kó fẹsẹ̀ rin bíi máìlì kan àbọ̀. Ẹ sì ní kí èrò jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún kó lè rí òkun! Ọwọ́ òsì ni, bó bá kọjú síbi tí ọkọ̀ ń lọ.

Ẹ ní Brunel ló kọ́ ilé ibùdó Dawlish tó wà lónìí. Òótọ́ ni pé òun ni ẹnjiníà ojú irin náà, tí wọ́n ṣí dé ibẹ̀ ní 1846, ṣùgbọ́n ilé onípákó àkọ́kọ́ jóná ní 1873, 1875 sì ni wọ́n ṣí èyí tó dúró dòní. Brunel ti kú láti 1859.

Ẹ tún ní eku ló ba ọkọ̀ rélùwéè Brunel tí afẹ́fẹ́ ń tì jẹ́. Ẹ gbọ́ bó ṣe rí. Páìpù irin tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó ínǹṣì 15 wà láàárín irin méjèèjì. Ẹ̀rọ inú ilé ẹ̀bá ọ̀nà, tí ọ̀kan wà ní Dawlish, ń fa afẹ́fẹ́ inú páìpù jáde, afẹ́fẹ́ ìta á sì ti pístìn, ìyẹn irin inú páìpù tó so mọ́ ọkọ̀, síwájú. Awọ ló bo ojú ihò gbọọrọ orí páìpù náà, tí ohun tó so pístìn mọ́ ọkọ̀ ń gbà. Awọ yìí gbẹ, ó sán, afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé, ẹ̀rọ wá ń jẹ èédú púpọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi kó èrò ní September 1847, wọ́n pa á tì ní September 1848. Ẹ fi eku sílẹ̀.

Ẹ tún kọ ọ́ pé òkun gbé ibùdó náà lọ ní 2014. Ibùdó náà fara gbá, kò lọ. Ògiri òkun tó tó mítà 80, nítòsí àdúgbò Riviera Terrace, ni ìjì February ya lulẹ̀ tí irin fi rọ̀ dirodiro lófuurufú. Wọ́n to kọntéínà tó kún fún òkúta síwájú ibẹ̀ láti dá ìgbì dúró, ọkọ̀ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá ní 4 April. Ògiri tuntun ga ní mítà 8, ó fi mítà méjì àbọ̀ ga ju ti tẹ́lẹ̀, orí rẹ̀ sì tẹ̀ síta kó lè da omi padà sókun. Apá kìíní parí ní 2020, èkejì ní 2023.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, ìmọ̀ràn yín pé kí èrò lọ lọ́jọ́ tí ìgbì bá ga "kó lè gbádùn" kò dáa rárá. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ìlà oòrùn tí òkun sì kún, wọ́n lè ti ojú irin apá òkun, kí ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ máa gba apá ìlú nìkan. Ìdádúró kò ní ṣàì wáyé. Iyọ̀ omi òkun ti ba ẹ̀rọ orí òrùlé àwọn ọkọ̀ rélùwéè kan tí wọ́n ń pè ní Voyager jẹ́ rí, tí wọ́n kú sójú ọ̀nà.

Ohun tí a ń bèèrè ni pé kí ẹ tẹ ìwé àtúnṣe olójú-ewé kan, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ti rà á, kí ẹ sì dá owó ẹni tó bá fẹ́ padà fún un. Ọ̀rọ̀ lífìtì ni kó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò kó tó dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, ẹ fi ṣọwọ́ sí wa, a ò ní gba kọ́bọ̀.

Àwa ni tiyín ní tòótọ́,
Àwọn oníbàárà yín.