Ẹ̀sùn Lórí Lẹ́tà New York sí Liverpool Tí Ẹ Tà fún Mi: Ẹ Dá Owó Mi Padà

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ńbà lẹ́tà àtijọ́ tí ẹ tà fún mi, ọjọ́ tí mo rà á àti iye tí mo san wà nínú ìwé yín, nítorí náà mi ò ní tún un kà sílẹ̀ níbí. Àwòrán iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́tà náà, pẹ̀lú àwọn nọ́ńbà tí ilé ìfìwéránṣẹ́ lù sí i lójú, wà lọ́wọ́ yín. Ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀ wà lọ́wọ́ yín. Ìwé tí ẹ̀yin fúnra yín kọ sí mi kí n tó sanwó náà wà níbẹ̀: pé bí ìgbìmọ̀ onímọ̀ bá sọ pé lẹ́tà náà kì í ṣe ojúlówó, ẹ ó dá gbogbo owó mi padà, títí kan owó àyẹ̀wò, láìsí àríyànjiyàn. Ìgbìmọ̀ ti kọ̀ ọ́. Owó kò tíì dé.

Ọ̀gá, kì í ṣe àṣìṣe tó wà nínú àpèjúwe ọjà ló ń dùn mí jù. Ẹni tó ń ta lẹ́tà ọ̀rúndún kọkàndínlógún lè ṣìnà. Ayédèrú ti tan àwọn àgbà iṣẹ́ yìí jẹ rí. Ohun tó ń dùn mí ni bí ẹ ṣe ń fi mí ṣe lọ-kó-o-bọ̀. Ẹ̀ka títà ní kí n lọ bá ẹ̀ka ìṣirò owó. Ẹ̀ka ìṣirò owó ní àwọn kò lè san kọ́bọ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó kọ àpèjúwe bá fọwọ́ sí i. Ẹni tó kọ àpèjúwe wà ní ìsinmi; nígbà tó dé, ó ní ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ òun, kí n padà sí ẹ̀ka títà. Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ náà ni wọ́n dá mi padà sí.

Níbẹ̀ ni mo ti bá ọ̀dọ́bìnrin kan pàdé lórí fóònù. Láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, "o" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ohùn mi nìkan ti tó fún un láti mọ̀ pé mo bí irú rẹ̀ lọ́mọ. Ó ní, "Ṣé kò sí sítáǹpù lórí ẹ̀ ni? Wọ́n ti sanwó nìyẹn. Àwọn nọ́ńbà tó o ń pariwo lé lórí yẹn, ìkọkúkọ àwọn akọ̀wé póósì ni." Mo ní kó jọ̀wọ́, kó fún mi ní ọ̀gá rẹ̀. Ó já fóònù mọ́ mi létí.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àwọn nọ́ńbà yẹn gan-an ni ọjà. Nítorí wọn ni èèyàn ṣe ń ra lẹ́tà tó sọdá òkun Àtìláńtíìkì. Bí ilé-iṣẹ́ tó ń tà á kò bá lè kà wọ́n, kò yẹ kó máa bu owó lé e.

Àdéhùn ìfìwéránṣẹ́ tí Amẹ́ríkà àti Ìlú Ọba ṣe ní oṣù Kejìlá 1848, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kejì 1849, ló sọ owó lẹ́tà tí kò wúwo ju ìdajì áúnsì lọ di sẹ́ǹtì 24 lọ́hùn-ún, ṣílè kan níhìn-ín. Wọ́n pín sẹ́ǹtì 24 náà sí ọ̀nà mẹ́ta: 5 fún ìrìn inú ilẹ̀ Amẹ́ríkà, 16 fún ọkọ̀ tó gbé e sọdá òkun, 3 fún ìrìn inú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó kọ lẹ́tà lè san gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, tàbí kó má san nǹkan kan kí ẹni tó gbà á san án. Kò sí sísan díẹ̀ ku díẹ̀: bí owó kò bá pé, wọn a kà á sí pé wọn kò san rárá, èyí tí wọ́n san á sì ṣòfò. Nítorí pé ilé ìfìwéránṣẹ́ orílẹ̀-èdè méjì ló jọ ń pín owó yìí, akọ̀wé ní New York tàbí Boston gbọ́dọ̀ lu iye tí ọ̀kan jẹ èkejì sí ojú lẹ́tà kó tó wọ inú àpò. Ìwé ìṣirò owó ló wà níwájú lẹ́tà yẹn, kì í ṣe ìkọkúkọ.

Bí wọ́n bá ti sanwó ní New York, tí ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e, Amẹ́ríkà jẹ Ìlú Ọba ní 16 àti 3. Wọn a lu 19 sí i ní pupa. Bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá gbé e, 3 péré ni, ní pupa. Bí wọn kò bá sanwó, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e: Amẹ́ríkà ń bèèrè 5 tirẹ̀ nìkan. Ọkọ̀ Amẹ́ríkà gbé e: ó ń bèèrè 5 àti 16, ìyẹn 21. Dúdú ni wọ́n fi ń lu ti gbèsè. Tó bá dé Liverpool, wọn a tún lu àmì ṣílè kan sí i ní dúdú, kí ẹni tó ń pín lẹ́tà lè mọ iye tí yóò gbà lẹ́nu ọ̀nà. Pupa, a ti sanwó. Dúdú, owó ṣì wà ńlẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí ojú oníṣẹ́ ń wá nìyẹn kó tó wo sítáǹpù rárá.

Ẹ wá wo ohun tí ẹ tà fún mi. Òǹtẹ̀ New York, dúdú. Nọ́ńbà 5, dúdú. Ṣílè kan, dúdú. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn fi ọdún 1862 hàn. Sítáǹpù sẹ́ǹtì 24 ti ọdún 1861 wà ní igun ọ̀tún lókè, ẹ sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé "owó pé, ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì". Kò sí ẹ̀kán pupa kan níwájú tàbí lẹ́yìn. Ta ni yóò san sẹ́ǹtì 24 ní New York, tí wọn yóò sì tún gba ṣílè kan, iye kan náà, lọ́wọ́ ẹni tó gba lẹ́tà? Lẹ́tà tí ẹnikẹ́ni kò sanwó rẹ̀ sílẹ̀ ni. Ẹnì kan ló wá lẹ sítáǹpù mọ́ ọn lẹ́yìn ọjọ́ pípẹ́, nítorí pé lẹ́tà tí kò ní sítáǹpù kò wọ́n, èyí tó ní sẹ́ǹtì 24 lójú ló ń pa owó wọlé.

Nígbà tí mo kọ èyí sí yín, alábòójútó yín dáhùn pé bóyá lẹ́tà náà wúwo jù ni sítáǹpù kan kò fi tó. Mo dúpẹ́ pé ó kéré tán, ẹnì kan dáhùn. Ṣùgbọ́n ìdáhùn náà kò dúró. Lẹ́tà tó ju ìdajì áúnsì lọ tí kò kọjá áúnsì kan ń gba ìlọ́po méjì, sẹ́ǹtì 48. Bí sẹ́ǹtì 24 bá wà lórí irú rẹ̀, àìsan ni wọ́n kà á sí, gbèsè rẹ̀ yóò sì di 10 ní New York àti ṣílè méjì ní Liverpool. Àmì tó wà lójú èyí ni 5 àti ṣílè kan. Ó tún kọ̀wé lẹ́ẹ̀kejì pé bóyá ọkọ̀ Amẹ́ríkà ló gbé e, àpèjúwe ló ṣì í pè. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 21 ni à bá rí. Kò sí ọ̀nà tí ẹ lè gbà yí nọ́ńbà 5 dúdú yẹn tí yóò fi gba sítáǹpù sẹ́ǹtì 24 mọ́ra.

Ká tilẹ̀ ní kò sí nọ́ńbà kan lójú rẹ̀, ìwé náà ń sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Lẹ́tà kíká ni, kì í ṣe èyí tó wà nínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù. Oníṣòwò tó gbà á tún un ká gbọọrọ kó lè fi pamọ́ sínú àká ìwé, ojú ìká yẹn sì gba abẹ́ sítáǹpù kọjá. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kí ìmọ́lẹ̀ bá a ní ìdábùú: ìwé ti ṣẹ́ lókè sítáǹpù, ó ṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n sítáǹpù fúnra rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá ti lẹ̀ ẹ́ ní 1862, òun náà ìbá ti ṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi awò tó ń sọ nǹkan di ìlọ́po mẹ́wàá wo àwọn ìlà òǹtẹ̀ tí wọ́n fi pa sítáǹpù. Àwọn tó wà lórí sítáǹpù dúdú bíi ẹ̀dú, àwọn méjì kúkúrú tó bọ́ sórí ìwé sì pọ́n díẹ̀, wọn kò sì tò gún pẹ̀lú ti inú. Wọ́n fi ọwọ́ fà wọ́n kó lè dà bíi pé òǹtẹ̀ kan ló so méjèèjì pọ̀ ni. Gbogbo èyí wà nínú ìwé ẹ̀rí tí mo fi ránṣẹ́ sí yín. Kò dá mi lójú pé ẹnì kan ti ṣí i.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ràn tí wọ́n fún mi lẹ́yìn náà láti ọ́fíìsì yín: pé kí n rẹ igun náà sínú omi, kí n ṣí sítáǹpù, kí n wo abẹ́ rẹ̀, kí n wá mú àbọ̀ wá. Ọ̀gá, mo bẹ̀ yín lórúkọ gbogbo ẹni tó ń tọ́jú irú ìwé báyìí, ẹ má jẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín sọ èyí fún oníbàárà mìíràn láéláé. Omi yóò fọ gọ́ọ̀mù lọ, bẹ́ẹ̀ gọ́ọ̀mù wà lára ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ìsinsìnyí ni wọ́n lẹ sítáǹpù. Yíǹkì ìkọ̀wé lè tàn kálẹ̀. Àwọ̀ sítáǹpù sẹ́ǹtì 24 yẹn gan-an kì í dúró, oòrùn lásán ń ṣí i. Tí mo bá ti ṣe ohun tí wọ́n ní kí n ṣe, ẹ̀rí ìbá ti bàjẹ́, ẹ̀yin náà ìbá sì sọ pé ọjà kò sí ní ipò tó wà mọ́, kò ṣe é dá padà. Èyí ló bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni ẹ ní ẹ ó fún mi ní òmíràn dípò owó. Èyí tí ẹ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ ti Liverpool wá sí New York ní 1866, ẹ sì kọ ọ́ pé ó "ní àbàwọ́n, ẹnì kan ti kọ nọ́ńbà sí i". Àwọn nọ́ńbà náà ni 24 àti 34. Láti 1863, nígbà ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, owó bébà ibẹ̀ ti já wálẹ̀ sábẹ́ owó wúrà, lẹ́tà tí wọn kò sanwó rẹ̀ láti òkè òkun sì ń gba iye méjì: 24 bí ẹni tó gbà á bá mú owó ẹyọ wá, iye tó ga sí i bó bá jẹ́ bébà ló fẹ́ san, gẹ́gẹ́ bí iye wúrà lọ́jọ́ náà. Àbàwọ́n tí ẹ pè é yẹn ló jẹ́ kó níye lórí. Lẹ́tà dáadáa ni, ẹ tún àpèjúwe rẹ̀ kọ fún ẹni tí yóò rà á. Ṣùgbọ́n èmi kò tọrọ ìpààrọ̀. Owó lẹ ṣèlérí.

Ohun tí mo ń bèèrè nìyí. Ẹ dá iye tí mo ra lẹ́tà náà padà, pẹ̀lú owó àyẹ̀wò àti owó ìfiránṣẹ́ tí mo san fún ìgbìmọ̀, láàárín ọjọ́ 14 sí ọjọ́ tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́. Èmi yóò mú ọjà náà wá fúnra mi, nínú ike pọ́líẹ́sítà tí kì í ba ìwé jẹ́, kì í ṣe irú ike PVC rírọ̀ tí ẹ fi dì í wá, èyí tó ń sun òróró sára ìwé. Ẹnì kan ní láti fọwọ́ sí ìwé pé ó gbà á ní pípé. Ẹ kò gbọdọ̀ tún un tà láìfi ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí náà sí i. Mo tún rí i pé ẹ ní òmíràn lórí títà báyìí, tó lọ sọ́dọ̀ oníṣòwò kan náà: 5 dúdú, ṣílè kan dúdú, sítáǹpù sẹ́ǹtì 24 lókè. Ẹ yọ ọ́ kúrò kí ẹlòmíràn tó kó sí i. Ọ̀dọ́bìnrin orí fóònù yẹn, mi ò ní kí ẹ lé e. Ẹ kọ́ ọ níṣẹ́, kó sì tọrọ àforíjì.

Bí ọjọ́ 14 bá kọjá láìsí owó, mo ti mọ ibi tí mo ń lọ. Òfin ẹ̀tọ́ oníbàárà ti 2015 ní ọjà gbọ́dọ̀ bá àpèjúwe rẹ̀ mu. Títà tààrà lẹ tà á fún mi, kì í ṣe gbàǹjo, ẹ kò lè fi ìyẹn bojú. Káàdì kírẹ́díìtì ni mo fi sanwó, iye rẹ̀ sì ju £100 lọ, nítorí náà abala 75 nínú òfin kírẹ́díìtì oníbàárà ti 1974 fún mi láṣẹ láti gba owó mi lọ́wọ́ báńkì, kí báńkì wá bá yín fà á. Ohun tí báńkì kò bá san, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju £10,000 lọ ni n ó gbé e lọ. Lọ́jọ́ náà, ìwé ìlérí yín, ìwé ẹ̀rí ìgbìmọ̀ àti ìdáhùn alábòójútó yín méjèèjì ni n ó tẹ́ síwájú adájọ́, n ó sì fi ẹ̀dà wọn ránṣẹ́ sí gbogbo ẹgbẹ́ olùkójọ tí ẹ wà nínú rẹ̀.

Ìdáhùn lórí ìwé, tí ẹ̀yin ọ̀gá àgbà fúnra yín fọwọ́ sí, ni mo ń retí. Mi ò ní gbé fóònù ẹ̀ka títà mọ́.

Èmi ni,
Oníbàárà yín