Àbẹ̀kẹ́, agbárí òkú ni wọ́n fẹ́ fi sára omi

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà ni Houston wà? Ọmọ ń kọ́? Mi ò lè sọ eléyìí lórí fóònù, ẹ̀rín ẹ ò ní jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀.

O rántí màmá tó ń ṣe omi inú ọ̀rá lẹ́yìn ilé wa àtijọ́? Wọ́n ti fẹ́ máa ṣe oníke báyìí, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ lébẹ̀lì fún. Omi kò láwọ̀, kò lóòórùn. Ara ike ni gbogbo ẹjọ́ wà. Ni mo bá ní ká fi àlọ́ àpamọ̀ ṣe é. Ike 12 ló wà nínú dì kan, àlọ́ kọ̀ọ̀kan lára ike kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ara ike ẹlòmíì ni ìdáhùn tìẹ wà. Bó o bá jókòó níbi ìkómọ, tó o ka “Kí ló ń kọjá lójúde ọba tí kì í kí ọba?”, àfi kó o na ọrùn wo ike ẹni tó wà lápá kejì tábìlì kó o tó rí àgbàrá òjò. Ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ ní ká tẹ ìdáhùn sẹ́yìn lébẹ̀lì, ká máa wò ó láti inú omi. Mo ní rárá: bí omi bá kún ike, ńṣe ló ń mú kí lẹ́tà fẹ̀ gbàgàdà, kí ló wá kù tá a pa mọ́? Nọ́ńbà NAFDAC, àdírẹ́sì, ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, ọjọ́ tó máa bàjẹ́, gbogbo ẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lédè Gẹ̀ẹ́sì. Àyè tó ṣẹ́ kù fún Yorùbá ò ju àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé lọ.

Àfi bí ọmọ wọn ọkùnrin ṣe ti Atlanta dé. Ó gbé agolo gíga kan kalẹ̀, mo rò pé bíà ni. Omi ni o! Liquid Death. Agbárí òkú ló wà lára ẹ̀. Ó ní irú ẹ̀ ni ká ṣe. Mo wo màmá, màmá ń wo òrùlé. Ta ló fẹ́ gbé agbárí sórí tábìlì ìkómọ n'Íbàdàn?

Kí n má purọ́, orí ọmọ náà ò dàrú. Ìdí iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni Mike Cessario tó dá omi yẹn sílẹ̀ ti wá. Ọdún 2019 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà á, nígbà tó fi máa di 2024, àwọn olówó ti díye lé iléeṣẹ́ náà ní $1.4 bílíọ̀nù. Àwàdà lásán! Ohun tó ń dẹ́rù bà mí gan-an nìyẹn, torí bí màmá bá gba tọmọ, mo ti ná owó àsansílẹ̀. Owó ilé-ìwé ti lé sí i, Ìyá Ìbejì tún ti bí ìbejì (mi ò ṣe yẹ̀yẹ́), ẹ̀rọ amúnáwá wa ti dákẹ́.

Àlọ́ mi ò tíì pé 12. Imú, ahọ́n, eṣinṣin, èyí tí gbogbo ayé mọ̀ ti wà níbẹ̀. Ti màmá yín ni mo fẹ́, àwọn tí wọ́n máa ń pa fún wa bí NEPA bá mú iná lọ. Eléyìí tó jẹ mọ́ kànga, ìbéèrè nìkan ni mo rántí. Bùrọ̀dá ẹ sọ fún mi pé orúkọ ẹ ni màmá yín fi ń pe ọmọ ẹ báyìí. Mi ò mọ bí n ṣe máa bi ọ́. Jọ̀ọ́, lówùúrọ̀ tí ara wọn bá jí pépé, jókòó tì wọ́n, ṣe bíi pé o ò mọ ìkankan, kó o fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, má fipá mú wọn. Kó o kàn bá mi kí wọn.

Bí o bá rí nǹkan gbà, fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ yẹn ni mo ń padà lọ bá màmá àti alágbárí wọn. Má tíì sọ fún bùrọ̀dá ẹ o. Ó máa ní ká pín owó.

Èmi ni,
Àṣàkẹ́