Ọ̀rọ̀ Ìdúpẹ́ Lẹ́yìn Ìsìnkú Bàbá Wa

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ará, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ àti ojúlùmọ̀ wa nílé lóko, àwa ọmọ, ìyàwó ọmọ, àna àti ọmọ-ọmọ dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀, a dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún bí ẹ ṣe bá wa ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún bàbá wa ní Àkúrẹ́. Èrò tó yẹ́ wa sí pọ̀ ju ohun tí a lè lọ kí lójúlé-lójúlé lọ, ìdí nìyí tí a fi kọ ọ́ síbí kí gbogbo yín lè rí i. Ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ìrìnàjò, ẹ kú àdúrótì. Ohun ayọ̀ ni a ó fi san án fún yín.

Ọ̀pọ̀ yín ló mọ bàbá gẹ́gẹ́ bí alága àwọn onílé àdúgbò wa ní Òkè-Àró. Ẹnu iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n wà n'Ìbàdàn, ní ẹ̀ka tó ń bójú tó ìgbáyé-gbádùn ará ìlú, kí wọ́n tó pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Òǹdó ní oṣù kejì ọdún 1976. Nígbà tí Àkúrẹ́ sì di olú ìlú, wọ́n wà lára àwọn tó di ẹrù wálé láti wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọ́fíìsì tuntun. Ọ̀rọ̀ gọ́tà, ti tiransífọ́mà àti ti ọlọ́dẹ òru, àwọn ará àdúgbò ti sọ ọ́ níbi àìsùn, a kò ní tún un sọ. Iṣẹ́ wọn kejì ni a fẹ́ dúpẹ́ lé lórí, nítorí pé ẹ̀yin tí ẹ wá ni ẹ jẹ́ kí àwa ọmọ pàápàá mọ bí ó ti gbòòrò tó.

Agbaninímọ̀ràn ìdílé ni bàbá wa. Lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, yàrá iwájú ilé di ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya. Àga mẹ́ta tó ga bákan náà ló wà níbẹ̀. Bàbá ló ní kí kápẹ́ńtà gé ẹsẹ̀ tiwọn, nítorí wọn kò fẹ́ kí ọkọ, aya tàbí onílàjà jókòó ga ju ara wọn lọ. Wọ́n á gbọ́ tẹnu ọkọ lọ́tọ̀, wọ́n á gbọ́ tẹnu ìyàwó lọ́tọ̀, torí pé agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí àwọn méjèèjì bá wá jókòó pọ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fèsì àfi bí ó bá kọ́kọ́ tún ohun tí ẹnìkejì rẹ̀ sọ sọ, tí ẹnìkejì sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni òun wí. Láti pálọ̀ ni a ti máa ń gbọ́ ohùn wọn: “Ìyẹn kọ́ ni wọ́n sọ. Ẹ tún un sọ.” Ó yẹ kí a fi èyí kún un pé bàbá kò sọ fún obìnrin tí ọkọ ń lù rí pé kí ó lọ fara dà á. Ibi tí ọkàn rẹ̀ yóò ti balẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú un lọ. Ìlàjà dẹ̀yìn ìyẹn.

Wọn kì í sọ ẹni tó wá fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí ẹnu fi yà wá nígbà tí àwọn tí a kò mọ̀ rí kún ilé wa. Àwọn kan wá láti Adó-Èkìtì, tí wọ́n jẹ́ ará àdúgbò wa kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996. Tọkọtaya kan fa àbíkẹ́yìn wọn lọ́wọ́ wá síwájú wa, wọ́n ní bí kì í bá ṣe bàbá wa ni, ọmọ náà kì bá tí dé ayé. Màmá kan tó ń ta iṣu ní Ọjà Ọba kó iṣu wá, wọ́n tò ó sẹ́yìnkùlé, nígbà tí a bèèrè orúkọ wọn kí a lè kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, “Bàbá yín mọ̀ mí. Ẹ gún un fún àlejò.” Iyán tí ẹ jẹ lọ́jọ́ náà, iṣu wọn wà níbẹ̀. Màmá, a dúpẹ́ púpọ̀.

A dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà àti ìjọ, àwọn ìjòyè, ẹgbẹ́ onílé tó gba kánópì, àwọn obìnrin ilé tí wọn kò fojú ba oorun nítorí oúnjẹ, àwọn ọ̀dọ́ tó ń darí ọkọ̀, àti ẹ̀yin tí ẹ fowó ránṣẹ́. Bí oúnjẹ tàbí ẹ̀bùn kò bá kàn yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Èrò ló pọ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá jókòó nínú yàrá náà. Òfin ẹjọ́ ìgbéyàwó ti ọdún 1970 fún adájọ́ láyè láti dá ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ dúró kí onílàjà lè bá tọkọtaya sọ̀rọ̀, ohun tí wọ́n bá sì sọ níbẹ̀ kò ṣe é gbé wá sílé ẹjọ́ bí ẹ̀rí. Ìlànà yìí ni bàbá fi bá gbogbo èèyàn lò, yálà kóòtù ló rán wọn wá tàbí ẹsẹ̀ ara wọn ló gbé wọn wá. Wọ́n ti pàṣẹ fún wa pé bí àwọn bá papò dà, kí a sun ìwé àkọsílẹ̀ inú àpótí irin wọn láìṣí i wò. A ti sun ún níṣojú àlùfáà. Kò sí ọmọ tó ka ojú ewé kan níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yín kò sì tí ì parí, ẹnì kan tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ pọ̀ ti gbà láti máa bá a lọ. Ẹ wá sílé, ẹ bèèrè ẹ̀gbọ́n wa obìnrin àgbà, wọn yóò mú yín dé ọ̀dọ̀ ẹni náà, wọn kò sì ní bi yín ní ohun tó gbé yín wá.

Àwa ọmọ bàbá,
Òkè-Àró, Àkúrẹ́.