Abẹ́rẹ́ inú àpò ìdọ̀tí

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Mo rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ìlú tó gbé àpò ọ̀rá mọ́ àyà, tí abẹ́rẹ́ tí ẹnìkan ti lò sì gún un níka gba inú ìbọ̀wọ́ aláṣọ. Ó kàn nu ẹ̀jẹ̀ náà mọ́ ṣòkòtò, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ó dùn mí gan-an. Kòkòrò àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ irú B (hepatitis B), àrùn ẹ̀dọ̀ tó ń ràn nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀, lè wà láàyè fún ọjọ́ 7, ó kéré tán, lẹ́yìn tó bá ti kúrò lára ènìyàn, bẹ́ẹ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára 3 láàárín oṣù 6 sábà máa ń dènà rẹ̀. Kí ló dé tí àwọn agbanisíṣẹ́ kì í fún àwọn tó ń kó ìdọ̀tí ní àjẹsára yìí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́? Àwa onílé náà, ẹ jẹ́ ká máa fi abẹ́rẹ́ tí a ti lò sínú ike líle tó ní ìdérí.

Èmi ni, òǹkàwé yín.