Kí O Tó Gé Irun Rẹ, Àbẹ̀kẹ́

Àkúrẹ́,
Ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn òjò.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

O kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwa wà dáadáa níbí, àfi orúnkún mi tí òun àti òjò ń bá ara wọn ṣọ̀tá.

Nígbà tí o pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sunday tó kọjá, ẹ̀rín lo fi sọ ọ́: pé o ti ń sún mọ́ ọdún 45, pé àwọn obìnrin ibi iṣẹ́ rẹ sọ pé àtáṣímẹ́ǹtì pupa tó gùn dé ìbàdí tí o fi dirun kì í ṣe ti ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta mọ́, pé ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ obìnrin tún fi tirẹ̀ lé e, ó ní kí o gé irun rẹ mọ́lẹ̀ kí o lè jọ àgbà. O wá ní, "Màámi, ṣebí ìgbà tí ẹ̀yin náà pé 60 lẹ gé tiyín." Mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, oorun ò kùn mí. Irọ́ ni mo ti jẹ́ kí o máa gbà gbọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló gé irun mi.

Iwájú irun mi ló kọ́kọ́ lọ. O rántí ṣùkú tí mo máa ń dì ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì nígbà tí ẹ wà ní kékeré? Ọwọ́ onídìrí mi ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba le púpọ̀. Bí ó bá dì í tán tí mi ò lè dijú dáadáa, a ó ní irun náà dára. Mo máa ń lo Panadol kí n tó sùn. Kókó wẹ́wẹ́ máa ń sú níwájú orí mi, a ó fi ìpara pa á, a ó tún dì í. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, wọ́n á fi rìláṣà tó ń na irun sí i láàárọ̀, wọ́n á rán wíìfọ́ọ̀nù mọ́ ọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan náà. Irun tí wọ́n ń fà láti gbòǹgbò báyìí, bí a bá tètè dẹwọ́, ó ń padà hù. Bí a ò bá dẹwọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ihò tí irun ń gbà jáde á di àpá, kò sì sí òróró tàbí àdín tó lè mú un hù mọ́, ohun yòówù kí wọ́n máa polówó. Ìgbà tó ti pẹ́ jù ni mo mọ̀. Kí n tó pé 52, iwájú orí mi ti dán láti etí dé etí.

Ọdún mẹ́jọ ni mo fi gèlè àti wíìgì bò ó. Bàbá rẹ nìkan ló mọ̀, kò sì sọ nǹkan kan rí. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bàbá yín.

Ní oṣù March ọdún tí mo pé 60, a wà ní ìpàdé àwa tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni wọ́n bá mú iná lọ, fáànù dúró. O mọ bí ooru Àkúrẹ́ ṣe ń rí kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù nínú wa ṣáà bọ́ wíìgì rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún bí ẹni tó ń tọ́jú ológbò. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Mo wo orí rẹ̀, iwájú rẹ̀ dán bíi tèmi. Ni mo bá bọ́ tèmi náà. Kí ìpàdé tó parí, wíìgì márùn-ún ló wà lórí orúnkún.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Òkè Àró. Ọmọkùnrin náà gbé kílípà dání, ó ní, "Màmá, ṣé ẹ ti sọ fún Dádì?" Mo ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí, olórí sì rèé tó jókòó.

Òwe yẹn kì í ṣe eré lẹ́nu mi, Àbẹ̀kẹ́. Ní ọdún 1971 tí bàbá mi kú, ọmọ ọdún 14 ni mí, ìlú Oǹdó la wà. Irun ìyá mi dé èjìká, ó dúdú, ó sì ki. Àwọn obìnrin ilé gbé e jókòó lórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n fá orí rẹ̀ kodoro, torí ó ti di opó. Kò sẹ́ni tó bi í. Olórí wà níbẹ̀, ó jókòó, ojú rẹ̀ là sílẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n fá orí náà. Èmi ni wọ́n ní kí n gbá irun rẹ̀ jọ. Nígbà tó hù padà, ewú ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ohun tí mi ò tíì lóye títí dòní ni pé ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, wà lára àwọn tó fá a, òun tó ti lé ní 80 ọdún tó sì ń fi ewú orí rẹ̀ di kojúsọ́kọ. Mo bi í nígbà kan pé ọkọ wo ni irun náà kọjú sí, nígbà tí bàbá àgbà ti kú kí wọ́n tó bí mi. Ó ní kí n lọ pọnmi.

Nítorí náà, bí wọ́n bá sọ fún ọ pé àṣà wa ló ní kí àgbàlagbà obìnrin gé irun, bi wọ́n pé àṣà ta ni. Níbi tí mo dàgbà sí, àwọn ìyá ń di kọ̀lẹ́sẹ̀, wọ́n ń di ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀, wọ́n ń fi òwú kó irun, ewú á sì máa yọ láàárín rẹ̀ láìsí ìtìjú. Àwa ọmọ ilé ìwé ni wọ́n ń gé irun fún. Wọ́n ní ewú logbó, irùngbọ̀n làgbà. Mi ò gbọ́ gígé irun nínú rẹ̀. Níbí ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin ọba tó bá di adelé, fìlà ọkùnrin ló ń dé, kò sì sẹ́ni tó ní kì í ṣe obìnrin mọ́.

Kì í ṣe pé ọjọ́ orí ò lọ́wọ́ nínú rẹ̀ rárá. Irun orí ń hù tó nǹkan bí ìlàjì íǹṣì lóṣù, fọ́nrán 50 sí 100 sì lè já lójúmọ́, má fòyà bí o bá rí i nínú òòyà. Ṣùgbọ́n bí nǹkan oṣù bá ti ń palẹ̀ mọ́, fọ́nrán á tín-ín-rín, á gbẹ, á sì máa pẹ́ kó tó hù. Ẹrù tí orí ọmọ ọdún 25 gbé láìsọ̀rọ̀, orí ọmọ ọdún 45 á ráhùn sí i. Ìwúwo lọ́rọ̀ kàn, kì í ṣe gígùn.

Àtáṣímẹ́ǹtì pupa yẹn, èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Kì í ṣe torí pé o ti dàgbà. Ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí iná inú igbó. Bí o bá fẹ́ kó gùn, jẹ́ kó gùn, kí wọ́n ṣáà dín in kù, kí wọ́n sì dẹwọ́ níwájú. Sọ fún onídìrí kó tó bẹ̀rẹ̀, má dúró dìgbà tí omi bá lé sí ọ lójú. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tú u, kí orí sinmi. Má jẹ́ kí rìláṣà àti irun dídì pàdé lọ́jọ́ kan. Òrí ni kí o máa fi pa á. Ọṣẹ dúdú wa tí wọ́n fi eérú èèpo kòkó ṣe dára, ṣùgbọ́n ó ń mú kí irun gbẹ. Bí àárín orí bá ń yún ọ tàbí tó ń dùn ọ́, tí irun ibẹ̀ sì ń dín kù, dókítà awọ ara ni kí o lọ rí, kì í ṣe onídìrí.

Ní ti ewú, ọwọ́ rẹ ló wà. Mo dáì tèmi rí, lọ́dún tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe ìgbéyàwó. Mi ò dán an wò tẹ́lẹ̀, ojú mi sì wú bíi búrẹ́dì lọ́jọ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi wọ gíláàsì dúdú nínú gbogbo fọ́tò yẹn tí ẹ ń pè ní gbajúmọ̀ ìyá ìyàwó. Bí o bá fẹ́ dáì tìrẹ, kọ́kọ́ fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn etí, kí o dúró fún wákàtí 48.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ? Kúnlẹ̀ kí i, sọ pé "Ẹ ṣeun, mà," kí o sì bi í léèrè àwọn ọmọ rẹ̀. Má bá a jiyàn. Bí ọkọ rẹ bá ní ohun tó fẹ́, gbọ́ ọ, òun ló ń wo orí náà lójoojúmọ́. Bí ìwọ fúnra rẹ bá sì jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó wù ọ́ láti gé e, gé e. Atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí mi lórí láàárọ̀, wíìgì kankan ò fún mi rí.

Bí ẹ bá ń bọ̀ fún ọdún Àjíǹde, má ṣe irun wá. Tú u sílẹ̀, fi síkáàfù wé e. Àpótí ìyá mi yẹn wà níbí, mo gbé e wá láti Oǹdó lẹ́yìn tí a sin ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì díẹ̀. Èmi á jókòó lé e, ìwọ á jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ mi, n ó sì di irun tó bá wù ọ́ fún ọ. Ọwọ́ mi ò le. Ra ìlarun dání, ti ilé yìí ti ṣẹ́.

Èmi ni,
Màámi rẹ.