Kúdí, ọ̀rọ̀ Sìkírá ló gbé kàlámù lé mi lọ́wọ́

Òkèlélé,
Ìlọrin.

Kúdí mi ọ̀wọ́n,

Sàlámù àlékúmù. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá ìbejì ńkọ́? Àwọn ìbejì fúnra wọn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń dá bàtà wọ̀ báyìí? A dúpẹ́ níbí. Màmá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀, wọ́n ti ń dá rìn lọ sí mọ́sálásí. Wọ́n kan òrùlé ilé Àlàájì tán kí òjò tó dé. Wàrà ti gbówó lórí. Ọmọ Ìyá Ẹlẹ́kọ ti wọlé ọkọ, mo bá ọ náwó níbẹ̀, mo sì dárúkọ rẹ kí wọ́n gbọ́. Gbogbo ìyẹn lè dúró dìgbà mìíràn. Ọ̀rọ̀ Sìkírá ni kò lè dúró.

Oyún yẹn kò dúró, Kúdí. Wọ́n ti da ẹyin rẹ̀ pọ̀ mọ́ àtọ̀ ọkọ rẹ̀ nílé ìwòsàn, IVF tí wọ́n ń pè é yẹn, wọ́n ti gbé ọlẹ̀ sí i nínú, a ń retí, a ń ṣàdúrà, nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan níbẹ̀. Mo dé ilé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bá a níbi tó ti ń fọ fúlásìkì. O mọ fúlásìkì aláwọ̀ ewé tí màmá wa fi máa ń gbé kókó lọ sọ́jà. Inú rẹ̀ ló ń kó abẹ́rẹ́ sí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń gún un, nítorí abẹ́rẹ́ náà kò fẹ́ ooru, o sì mọ bí iná wa ṣe rí. Yóò ra yìnyín lọ́sàn-án, yóò dìde lóru láti fọwọ́ bọ̀ ọ́ wò bóyá ó ti yọ́. Ọkọ rẹ̀ ló ń gún un níkùn, ó sì máa ń yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ti fa abẹ́rẹ́ yọ. Ó fọ fúlásìkì yẹn, ó tún un fọ̀, ó dà á délẹ̀ kí ó gbẹ. Kò sunkún. Èmi ni mo jáde lọ sẹ́yìnkùlé.

Owó tí wọ́n ná lé ní mílíọ̀nù 3 náírà fún ẹ̀ẹ̀kan yẹn. Góòlù ìgbéyàwó rẹ̀ ti lọ, ilẹ̀ tí ọkọ rẹ̀ rà lọ́nà Òmù-Àrán náà ti lọ. Ẹni tó ń gba owó oṣù tí ìjọba ní kò gbọdọ̀ dín, 70,000 náírà, bí kò bá jẹ tí kò bá mu, owó oṣù tó lé ní ọdún 3 àti ààbọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ olùkọ́ ni ọkọ rẹ̀, oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó ìdójútòfò ìlera kúrò nínú owó rẹ̀. Wọ́n mú káàdì yẹn lọ, èmi náà tẹ̀ lé wọn. Obìnrin tó wà lójú fèrèsé ibẹ̀ kò yájú sí wa o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Ó ṣí ìwé, ó ń fi ìka tó lé làálì tọ ọ́ láti òkè wá sílẹ̀, ó dúró lójú kan, ó ní, “Ẹ wò ó, mọ̀mí. Èyí kò sí lára ohun tí à ń san.” Mo na ọrùn wò ó. Ojú ewé tí wọ́n kọ iṣẹ́ abẹ ẹwà sí ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ibẹ̀ ni inú ti bí mi, inú náà kò sì tíì rọ̀. Ṣé ẹwà ni Sìkírá ń wá ni? Ìwọ náà rántí oyún àkọ́kọ́ tó bàjẹ́ lára rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì wà ní Ọ̀fà, tó ń gbóná fún ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ń fún un ní àgbo. Àrùn tó wọlé nígbà náà ló dí ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ ilé ọmọ; àwòrán tí wọ́n yà fi í hàn gbangba. Kì í ṣe ayé, kì í ṣe àjẹ́ ilé ọkọ. Dókítà ní ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ obìnrin nílẹ̀ wa nìyẹn, pé àrùn tí a kò tọ́jú dáadáa lẹ́yìn ìbímọ tàbí lẹ́yìn oyún tó wálẹ̀ wà lára ohun tó ń dí ọ̀nà náà. Àjọ elétò ìlera àgbáyé, WHO, sọ ní 2023 pé nínú ènìyàn 6, ẹnì 1 ni yóò bá ìṣòro yìí pàdé láyé rẹ̀. Àìsàn ni wọ́n pè é. Káàdì yẹn ń sanwó ibà, ó ń sanwó ìgbẹ̀bí, ṣùgbọ́n bó bá ku kí obìnrin lóyún tí yóò bí, wọ́n á ní kó lọ ta ilẹ̀.

Ohun tí o sọ fún mi lórí fóònù lọ́jọ́ yẹn ló wá ń dún létí mi. O ní ní ìpínlẹ̀ Maryland l’Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìdójútòfò tó bá ti ń sanwó oyún àti ìbímọ, òfin ní ó gbọ́dọ̀ sanwó IVF náà. Mo lọ kà nípa rẹ̀. 1985 ni wọ́n ṣe òfin yẹn, ọdún 7 péré lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bí Louise Brown ní England, ọmọ àkọ́kọ́ láyé tí wọ́n fi ọ̀nà yìí bí. Ìgbà 3 ni wọ́n lè gbìyànjú fún ọmọ kan, bí gbogbo rẹ̀ kò bá ti ju $100,000 lọ. Tẹ́lẹ̀, ọdún 2 ni tọkọtaya ní láti fi wá oyún kí wọ́n tó lè gbà á, wọ́n ti sọ ọ́ di ọdún 1 báyìí. Ìpínlẹ̀ Massachusetts náà ṣe tirẹ̀ ní 1987. Mo mọ̀ pé kò kárí, ìwọ lo sọ fún mi pé iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò ju 50 lọ lè bọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà 3, Kúdí! Ẹ̀ẹ̀kan tí Sìkírá ṣe yẹn ló jẹ gbogbo ohun tí wọ́n ní, bẹ́ẹ̀ kò sí dókítà tó lè búra pé ti ẹ̀ẹ̀kan yóò dúró.

Kò sì sí ẹni tó lè sọ pé nǹkan òyìnbó ni, kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ní LUTH, ilé ìwòsàn fásitì tó wà l’Ékòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n Giwa-Osagie àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Ashiru ṣe é, wọ́n sì bí ọmọ náà ní 1989. Ìmọ̀ ti wà nílé tipẹ́, owó ló tilẹ̀kùn. Òfin náà ti wà: èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2022 ní dandan ni kí gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà ní ìdójútòfò ìlera, Kwara sì ní àjọ tirẹ̀ tó ń bójú tó o. Nílẹ̀ Kwara níbí la ṣáà ti gbà á fún àwọn àgbẹ̀ ní Shonga láti 2007. Àjọ dídá ni gbogbo rẹ̀: gbogbo wa là ń dá a, ẹni tí nǹkan ṣe ló ń kó o. Kí ló dé tí irú Sìkírá yóò máa dá a lóṣooṣù, tí kò ní kó o láéláé?

Nítorí náà la ṣe bẹ̀rẹ̀ ìpàdé. Ní Tánkẹ́ la ti ń ṣe é, ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò kan tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wa. A fẹ́ gbé ìwé lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa, kí wọ́n tún òfin ìdójútòfò ṣe: kí káàdì máa sanwó àyẹ̀wò ọkọ àti ìyàwó pọ̀, kí ó sanwó oògùn àti iṣẹ́ abẹ, bí ìwọ̀nyí kò bá ṣiṣẹ́, kí ó san IVF ní ilé ìwòsàn ìjọba fún iye ìgbà tí wọ́n bá fẹnu kò sí. Bàbá kan dìde ní ìpàdé tó kọjá, ó ní Nàìjíríà ti kún àkúnya, ó ní ọmọ tó wà nílẹ̀ kò tíì rí oògùn ibà lò. Mo dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má ra oògùn ibà. Bí orílẹ̀-èdè bá kún, ṣé obìnrin tí kò bí rárá ló kún un? Àlùfáà kan láti Adétà ló tún ọ̀rọ̀ náà tò. Wọ́n ní láti 1980 ni àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀sìn ní Íjíbítì ti sọ ọ́ pé bí àtọ̀ bá jẹ́ ti ọkọ, tí ẹyin jẹ́ ti aya rẹ̀, tí yìgì ń bẹ láàárín wọn, kò sí haràámù níbẹ̀. Ariwo yẹn bá rọlẹ̀.

Ìgbà náà ni ọkùnrin kan láti Ọ̀fà dìde. Ọkùnrin gbẹ̀ngbẹ̀, mẹkáníìkì ni, epo ọkọ̀ ṣì wà lábẹ́ èékánná rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun méjì làwọn ẹbí òun ti lé lọ nítorí ọmọ. Ó ní ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n lé èkejì lòun tó lọ ṣe àyẹ̀wò, òun ni kò ní àtọ̀ tó tó. Ó ní àyẹ̀wò yẹn kò gba ìṣẹ́jú púpọ̀, ìbá jẹ́ pé káàdì ló ń sanwó rẹ̀ fún ọkọ àti ìyàwó látìbẹ̀rẹ̀, àwọn obìnrin méjèèjì ì bá má jìyà ohun tí wọn kò mọ̀. Ó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sínú ìwé, kí wọ́n má fi bò. Kúdí, n kò tíì rí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ rí.

Ti Sìkírá náà sì ti ń lọ síbi tí mo ń bẹ̀rù. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti rí ọmọbìnrin kan ní Ajàṣẹ́, wọ́n ní kí ọkọ kàn lọ wò ó lásán. Ọkọ kò tíì lọ. Ó nífẹ̀ẹ́ Sìkírá, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ náà mọ bí ẹnu àgbà ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ọmọ.

Mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ ní nǹkan kan. Ọnọ́rébù tó gbà láti gbé ọ̀rọ̀ wa wọlé ní kò sí ẹni tí yóò gbà gbọ́ nílé ìgbìmọ̀ pé iléeṣẹ́ ìdójútòfò ń sanwó nǹkan báyìí níbì kan láyé. Ó ní kí a wá ẹni tí wọ́n san án fún, ọmọ ilẹ̀ yìí, kí ó ṣàlàyé bó ṣe rí. Ìwọ nìkan ni mo mọ̀. Ohun tí o sọ fún mi ṣì wà níbi tí o fi sí, n kò sọ fún Sìkírá pàápàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó wù mí kí ó gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ tí mo bá a nídìí fúlásìkì. Mo mọ̀ pé ìyá ọkọ rẹ l’Ọ́fà ń sọ ọ́ fún gbogbo ayé pé àdúrà àwọn ló gba ìbejì, àdúrà wọn wà níbẹ̀ lóòótọ́. N kò fẹ́ kí ojú tì ọ́ níwájú wọn.

Kọ ọ́ fún mi láìfi orúkọ sí i, ní Yorùbá, bí o ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Ìwé wo ni wọ́n ní kí ẹ kọ́kọ́ mú wá? Kí ni iléeṣẹ́ san, kí lẹ fọwọ́ ara yín san? Ìgbà kelòó ló tó dúró? Agbẹjọ́rò wa yóò kà á sétí wọn, yóò dá ìwé náà padà fún mi. Bá bàbá ìbejì sọ̀rọ̀ ná, ọ̀rọ̀ àwọn náà ni. Bí wọ́n bá ní rárá, sọ fún mi kíákíá kí n lè wá ọ̀nà mìíràn, n kò ní bínú, inú mi kò lè yí sí ọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, jọ̀wọ́ jẹ́ kí ìwé náà dé kí àwọn aṣòfin tó wọ ìsinmi wọn.

Má ṣe fi rán Bọ̀dá Gàníyù o, gbogbo ilé ló ń ka fóònù wọn. Nọ́ńbà mi àtijọ́ ni mo ṣì ń lò.

Èmi ni tìrẹ,
Rìsíkátù